Bàbá ti lọ, ajá ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà: kí ni ká ṣe fún ẹran ọ̀sìn tí olówó rẹ̀ kú?

Ọmọ Alájá:
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Bàbá wa jáde láyé láìpẹ́ yìí. Wọ́n dàgbà kí wọ́n tó lọ, a dúpẹ́. Ajá kan àti ológbò kan ni wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ajá yìí ló sì gbé mi dé ibí. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lé, tó di àsìkò tí Bàbá máa ń wọlé, á lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á gbé etí sókè. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á dìde. Tí ọkọ̀ náà bá kọjá lọ, á tún wó sílẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀, imú ló kàn ń fi kàn án. Ológbò ní tiẹ̀ ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, òru nìkan ló ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká kó gbogbo aṣọ Bàbá jáde kí ajá lè gbàgbé. Àbúrò mi ní ká yára wá ọmọ ajá mìíràn tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká fi ta ọ̀rẹ́ Bàbá kan lọ́rẹ. Oníkálùkù ló fẹ́ kí n ṣe tirẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ológbò:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún Bàbá. Ọ̀rọ̀ ajá ni gbogbo èèyàn máa bá yín sọ, torí ajá ni ìbànújẹ́ rẹ̀ hàn síta. Ológbò ni kí ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ, torí òun ló lè kú kẹ́ ẹ tó fura.

Ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá tó bá sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ á kún fún ọ̀rá, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ajá lè fi ọjọ́ díẹ̀ ṣàìjẹun kó má kú. Ológbò ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà lálẹ́, kẹ́ ẹ ti lọ́ ọ gbóná díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè jáde, kẹ́ ẹ sì mọ bó ṣe kún tó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wo ohun tó dín. Bí ọjọ́ kan bá pé láìdín rárá, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ má sọ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe, ó máa tó jẹun.

Tó bá jẹ́ akọ, ẹ tún máa ṣọ́ ibi tó ń tọ̀ sí. Ìdààmú máa ń mú kí àpò ìtọ̀ ológbò wú, kó sì máa ro ó. Bó bá ń lóṣòó ṣáá, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò jáde, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ti dí nìyẹn. Wákàtí là ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọjọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í rántí nílé ọ̀fọ̀: òdòdó. Bí àwọn tó wá bá yín kẹ́dùn bá gbé òdòdó lílì wá, ẹ gbé e síta kíákíá. Ewé rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, títí kan omi tí wọ́n rì í sí, gbogbo rẹ̀ ló ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Kò dìgbà tó bá jẹ ẹ́. Kí ó fara gbún un, kó wá lá irun ara rẹ̀, ó tó.

Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fà á jáde. Kí ẹnìkan máa lọ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, kó máa kàwé tàbí kó máa tẹ fóònù rẹ̀, kó má wo ojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa jáde.

Olùkọ́ Ajá:
Ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ kíkọ́ ajá ni mò ń ṣe, ilé ọ̀fọ̀ sì pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń pè mí sí. Ohun tí mo máa ń ní kí ẹbí kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n mú bírò àti ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí olóògbé ń ṣe fún ajá náà láti àárọ̀ dalẹ́. Aago mélòó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá mú un rìn? Níbo ló ń sùn? Kí ni Bàbá ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ kó jókòó? Ẹ má fojú kéré ti ìkẹyìn yìí. Ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ní ó ti di olóríkunkun látọjọ́ tí olówó rẹ̀ ti kú, kò tíì gbọ́ àṣẹ kan tó mọ̀ láti ọjọ́ náà ni.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, kí ẹnìkan ṣoṣo nínú yín gba oúnjẹ àti ìrìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lónìí ló ń ṣe é lónìí, ajá ò ní mọ ẹni tí òun máa gbójú lé.

Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ má fi okùn wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì lọ dì mọ́ ọn níbẹ̀ kẹ́ ẹ jọ máa sunkún lójoojúmọ́, torí ẹ̀yin náà á sọ ibẹ̀ di ibi ẹkún fún un. Kí àsìkò náà tó tó ni kẹ́ ẹ ti mú un jáde rìn. Tẹ́ ẹ bá padà wọlé, ẹ gbé oúnjẹ fún un. Àsìkò tó ṣófo yẹn lẹ̀ ń fi nǹkan dí. Bó bá jẹun tán tó tún lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Àbúrò yín tó fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó fara balẹ̀. Ajá tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ò ráyè ọmọ ajá tó ń bù ú létí jẹ. Ẹ̀yin náà ò sì ráyè méjì.

Kò Dá Mi Lójú:
Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ pé kí wọ́n ṣe ló dáa, àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀fọ̀ ni ajá ń ṣe. Ajá ò mọ ikú. Ohun tó mọ̀ ni pé oúnjẹ ò wá lásìkò mọ́, àlejò kún ilé, ẹni tó ń mú un rìn ò sí.

Ẹ wo Hachikō, ajá ilẹ̀ Japan tí gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburō Ueno tó ni ín kú lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1925. Ajá náà ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya ní Tokyo, níbi tó ti máa ń pàdé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí òun náà fi kú ní oṣù Kẹta 1935. Wọ́n ti gbé ère rẹ̀ síbẹ̀ ní 1934, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó wúni lórí, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀ lẹ́yìn ikú, igi tí wọ́n fi ń gún ẹran sun ló wà níbẹ̀, mẹ́rin. Àwọn ará ibùdókọ̀ ń fún un lẹ́ran jẹ! Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń retí ni, àbí ẹran?

Dókítà Ẹranko:
Ẹ̀gbọ́n Kò Dá Mi Lójú, ẹ ṣe tẹ́ ẹ mú un wá. Àmọ́ ẹran ọ̀hún kò sí nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1932 tí ìwé ìròyìn Asahi kọ̀wé nípa rẹ̀ ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń lé e, ó sì ti ń wá láti ọdún bíi méje. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n ò lò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ pọ̀.

Bóyá ajá mọ ikú tàbí kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn á wà láàárín àwa àti ẹ̀yin fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ kéèyàn tó mọ̀ pé nǹkan sọnù lọ́wọ́ òun, kò dìgbà tó bá mọ ibi tó lọ. Gregory Berns àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ajá láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, láìfi oògùn kùn wọ́n lóorun. Wọ́n wá gbé òórùn èèyàn àti ti ajá síwájú wọn: ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, ti àjèjì, ti ajá tí wọ́n mọ̀, ti ajá tí wọn ò mọ̀. Apá ibi tí ọpọlọ fi ń retí ohun rere, òórùn ẹni tí wọ́n mọ̀ ló jí i jù, ẹni náà fúnra rẹ̀ ò sì sí nínú yàrá. Àwọn ajá náà ò pọ̀, méjìlá péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ajá tó ń gbóòórùn fìlà olówó rẹ̀ ò ní jiyàn púpọ̀.

Àwọn olùṣèwádìí ní Ítálì náà bi èèyàn 426 tí ọ̀kan nínú àwọn ajá wọn kú léèrè nípa ajá tó ṣẹ́kù, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Ìdá 86 nínú 100 ló ní ìwà ajá náà yí padà: eré rẹ̀ dín kù, ó ń tọ èèyàn lẹ́yìn kiri, ó ń sùn jù. Ẹ má gbàgbé pé ajá ẹlẹgbẹ́ wọn ló kú níbẹ̀, kì í ṣe olówó, ẹnu àwọn olówó ni wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè máa rí ọ̀fọ̀ tirẹ̀ lójú ajá. Wọ́n tún rí i pé bí ìbànújẹ́ olówó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ti ajá náà ń pọ̀ sí i. Torí náà, Ọmọ Alájá, ẹ tọ́jú ara yín náà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi wá síbí gan-an nìyí. Ẹ má pe gbogbo nǹkan ní ọ̀fọ̀. Hachikō yẹn, nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ wò, wọ́n kéde ní 2011 pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, aràn inú ọkàn náà sì wà níbẹ̀. Àgbàlagbà sábà máa ń ní ajá àgbàlagbà. Eyín lè máa dùn ún, oríkèé lè máa ro ó, kíndìnrín lè ti ń kọṣẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń jọ ìbànújẹ́: kò jẹun, kò ṣeré, ó ń dùbúlẹ̀. Ẹ lọ yẹ inú àpótí oògùn Bàbá wò lónìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fún ajá yìí ní oògùn kan láràárọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ò mọ̀. Mo ti rí èyí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má sì fún èyíkéyìí nínú wọn ní oògùn èèyàn. Paracetamol máa ń pa ológbò, ibuprofen máa ń dá ọgbẹ́ sí inú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oògùn tí ń tu ọkàn ajá lára wà, fluoxetine àti clomipramine wà lára wọn, ṣùgbọ́n dókítà ló ń wọn ìwọ̀n rẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn.

Ẹlẹ́yẹ:
Ẹ̀yin alájá àti ológbò, ẹ jẹ́ ká fi ẹyẹ kún un, torí ẹni tó bá ní odídẹrẹ́ nílé yóò kà á níbí lọ́jọ́ kan. Odídẹrẹ́ máa ń lo ogójì ọdún, ó lè lé lọ́gọ́ta. Ẹni tó rà á ní àgbà, ẹyẹ ló máa sin ín.

Ti ilé àwọn àna mi, olóògbé ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó dákẹ́. Gbogbo wa ti ń rò pé ó ti gbàgbé. Lọ́jọ́ kan ó fi ohùn ìyá náà gan-an pe orúkọ ìyàwó mi láti inú ilé, ìyàwó mi sì dáhùn "Mà!" kó tó rántí. Àwọn kan sá jáde. Àwọn kan ní ká gbé ẹyẹ náà kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jágbe mọ́ ọn. Ohùn tó fi ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n wà láàyè náà ló ń lò, ó ń retí pé kí ẹnìkan dáhùn. A dáhùn. Ìyàwó mi á dá a lóhùn, á lọ bá a, á fún un ní nǹkan jẹ.

Àmì tí ẹ máa ṣọ́ ni ìyẹ́. Bó bá ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu, ẹ má dúró, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá kò sí àìsàn lára rẹ̀. Tí kò bá sí, ìdánìkanwà ni. Ẹ gbé àgò rẹ̀ síbi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń gbé kiri inú ilé lójoojúmọ́ kì í balẹ̀.

Ẹlẹ́horo:
Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Tí ẹni tó kú bá fi ehoro sílẹ̀, ehoro ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó kan ológbò pàápàá. Bí kò bá jẹun, tí kò sì yàgbẹ́ fún wákàtí méjìlá, ìfun rẹ̀ ti ń dúró. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kì í pariwo, kì í sunkún, ibi tó jókòó sí náà ló máa kú sí.

Ọmọ Alájá:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà, ẹ ò ní gbà gbọ́: mo lọ wo àpótí oògùn Bàbá, mo sì bá ike kan níbẹ̀ tí orúkọ ajá wà lára rẹ̀. Oògùn ṣì kù nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo wa! Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un padà ni? Ológbò jẹun lóru, oúnjẹ náà dín dé ìdajì.

Mo tún fẹ́ béèrè ti aṣọ o, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń di ẹrù. Àti pé ohùn Bàbá pọ̀ lórí fóònù mi. Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún ajá kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀?

Dókítà Ẹranko:
Ẹ má fún un kẹ́ ẹ tó pe dókítà tó kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lára ike náà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé dídá a dúró lójijì gan-an ló ń ṣe ajá báyìí. Ẹ ka orúkọ oògùn fún un lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tí Bàbá fún un kẹ́yìn.

Ìyá Ológbò:
Aṣọ: ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó fi méjì mẹ́ta sílẹ̀ tí wọn ò tíì fọ̀. Kí ẹ tẹ́ ọ̀kan síbi tí ajá ń sùn, ọ̀kan sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ ológbò. Kí ẹ di ẹ̀kẹta sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ so ó pinpin, torí òórùn inú èyí tó wà níta á lọ. Ìyókù, wọ́n lè pín in. Ohun tó ń dààmú ẹranko ni kó jí lọ́jọ́ kan kí gbogbo òórùn ilé ti yí padà, kì í ṣe pé aṣọ dín kù.

Kò Dá Mi Lójú:
Ohùn lórí fóònù, mi ò fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ní ajá ò mọ ikú ló ń sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dìde, á wá Bàbá káàkiri yàrá, kò ní rí wọn. Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀?

Olùkọ́ Ajá:
Lórí èyí, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ń dúró sójú kan, ajá lè lọ bá a nígbà tó bá wù ú. Ohùn ń ṣèlérí pé ẹnìkan ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ Bàbá, ẹ fi nǹkan sétí.

Agbàtọ́jú:
Mo máa ń gba ẹranko tí olówó wọn kú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tó fẹ́ fi ajá ta ọ̀rẹ́ Bàbá lọ́rẹ. Kì í ṣe ìwà ìkà, ẹ má jà sí i. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí ọmọ olóògbé ló máa sin ajá rẹ̀. Ohun tí mo máa béèrè ni pé, ṣé ajá mọ ọ̀rẹ́ yìí? Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú ní 8 oṣù Kẹsàn-án 2022, méjì nínú àwọn ajá rẹ̀, Muick àti Sandy, ọ̀dọ̀ Andrew ọmọ rẹ̀ àti Sarah Ferguson ni wọ́n lọ, wọ́n ò sì yà wọ́n. Ojú tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ìyẹn ni kí ẹ wá.

Tí ọ̀rẹ́ náà bá máa ń wá sílé, kó kọ́kọ́ máa wá mú ajá rìn láti ọ̀dọ̀ yín. Tó bá wá tó àkókò kí ajá máa lọ, kó ru àwo rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti aṣọ Bàbá kan dání, gbogbo rẹ̀ ní àìfọ̀, pẹ̀lú ìwé tí Olùkọ́ Ajá ní kẹ́ ẹ kọ yẹn. Bí ajá bá ní máíkíróṣíìpù lára, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ kí wọ́n lè mọ olówó rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà Bàbá ló wà lórí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ yí i padà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ajá tó sọnù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń dún nínú fóònù ẹni tó ti kú, mo ti gba irú rẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n má tú okùn rẹ̀ níta rárá, torí tó bá já, ilé Bàbá ló máa forí lé, títì ni yóò sì gbà.

Kí ọ̀rẹ́ náà sì mọ̀ pé ọjọ́ bíi mẹ́ta àkọ́kọ́, ajá lè má jẹun dáadáa. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé náà ṣe ń lọ, kó tó oṣù mẹ́ta kó tó di ti wọn. Ìdíwọ̀n lásán nìyẹn, òmíràn ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn ń pẹ́. Kí wọ́n má dá a padà lọ́sẹ̀ kejì.

Ọmọ Alájá:
Ọ̀rẹ́ náà mọ̀ ọ́n dáadáa, òun àti Bàbá ni wọ́n jọ máa ń mú un jáde. Mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí àsìkò ẹnu ọ̀nà tó tó. Dókítà tó kọ oògùn ní kí n gbé e wá láàárọ̀. Ológbò ò lọ síbì kankan ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà.

Dókítà Ẹranko:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn ajá náà, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwọ̀n tó wà nínú fáìlì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì wá síbí.